Kí Ló Fà Á Tó Fi Ṣófo?

Ẹni tó bá ń fi Excel jẹun á mọ irú àtẹ tí mo fẹ́ sọ yìí. Àwọn nọ́ọ̀sì kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun sínú rẹ́gísítà, akọ̀wé kan wá tẹ̀ ẹ́ sínú Excel bó ṣe rí i: orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lókè, òfìfo lọ sísàlẹ̀ títí dé orúkọ tó kàn. Èèyàn tó bá wò ó, ó yé e. Kọ̀ǹpútà ní tiẹ̀ á sọ pé ọmọ kan péré ni wọ́n bí ní Akínyẹlé, àwọn tó kù ò nílùú.

Òfìfo bẹ́ẹ̀ ò le. Sàmì sí òpó náà, tẹ Ctrl àti G, lọ sí Special, mú Blanks. Tẹ àmì =, tẹ ọfà tó kọjú sókè, kí o wá di Ctrl mú bí o ṣe ń tẹ Enter. Kíá, orúkọ á ti dé ìsàlẹ̀. (Má tíì dìde o! Fọ́múlà ló ṣì wà nínú àwọn àpótí yẹn, ojú ẹni tó wà lókè ni kálukú wọn ń wò. Tí o ò bá kọ́kọ́ fi Paste Values sọ wọ́n di ọ̀rọ̀, tí o wá tún àtẹ náà tò, ọmọ Lagelu lè di ọmọ Ìdó, ẹnikẹ́ni ò sì ní fura.) Àwọn kan tún wà tó jọ òfìfo, tó jẹ́ pé ẹnì kan ti fọwọ́ kan spacebar níbẹ̀. Blanks ò ní rí wọn. Find and Replace ni mo fi ń lé wọn jáde, mo sì máa ń mú "Match entire cell contents", kí àlàfo tó wà láàárín orúkọ àwọn èèyàn má baà bá a lọ.

Òpó ìwọ̀n ọmọ tuntun ló là mí lójú.

Ọ̀gá kan ní òun ò fẹ́ rí òfìfo nínú ìròyìn, kí n fi òdo dí i. Mo mú ìlà márùn-ún, mo ṣe é lójú rẹ̀: 3.2, 2.8, òfìfo, 3.0, 3.4. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Excel ò ní kà á mọ́ wọn, ìpíndọ́gba á jẹ́ kílò 3.1. Bí a bá fi 0 sí i, ó di 2.48. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tí kò bá tó kílò 2.5 nígbà ìbí, WHO kà á sí ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré. Òdo kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo ìyẹn.

Ọ̀gá ṣẹ́jú. "Ó dáa, fi 3.1 yẹn sí i."

Ìyẹn tilẹ̀ burú ju òdo lọ, torí kò ní hàn sójú. Mo lọ bá mátírọ́ọ̀nù tó ni rẹ́gísítà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tí wọn ò kọ ìwọ̀n àwọn wọ̀nyí?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìwọ ọmọ yìí, ilé agbẹ̀bí ni wọ́n bí wọn sí. Ìgbà tí wọ́n gbé wọn wá gba abẹ́rẹ́ ni mo kọ orúkọ wọn. Ṣé kí n wọn ọmọ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta, kí n ní bí ìyá rẹ̀ ṣe bí i nìyẹn?"

Mo mọ̀ pé ní 1976, Donald Rubin, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà Biometrika pé ohun tó mú kí nǹkan sọnù ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mo ti kà nípa rẹ̀. Ẹnu mátírọ́ọ̀nù ló ti wá yé mi: àwọn ọmọ tí a ò wọ̀n kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tí a wọ̀n, a ò sì lè yá wọn ní ìwọ̀n ọmọ ọlọ́mọ.

Láti ìgbà náà, òpó kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tó bá ní òfìfo, tí mo ń kọ ìdí rẹ̀ sí: ilé agbẹ̀bí, ojú ìwé ya, nọ́ọ̀sì gbàgbé. Bí mo bá fojú bu iye kan, mo máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo fojú bù ú. Ọ̀gá kùn, àmọ́ ó gbà kí ìlà "a kò wọ̀n wọ́n nígbà ìbí" wọ inú ìròyìn, pẹ̀lú iye wọn. Nígbà tó gbé e dé ìpàdé, ìlà yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ kó ṣàlàyé.