Lẹ́tà láti Amsterdam: Ọ̀rọ̀ Àgbàlá Ilé Ìwé Pobè

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ ní ẹgbẹ́ òbí fẹ́ fi símẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá ilé ìwé, kí wọ́n fi owó tó bá ṣẹ́kù ra jangilọ́fà onírin kan. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá wọn dúró.

Símẹ́ńtì á gbóná bí agbada àkàrà lọ́sàn-án. Bí òjò bá dé, omi tí ilẹ̀ pupa wa ìbá mu á ya wọ kíláàsì. Jangilọ́fà kan ṣoṣo ńkọ́? Àwọn tó lágbára ni yóò gbà á, bí wọ́n ṣe ń fi bọ́ọ̀lù gba gbogbo pápá, tí àwọn ọmọbìnrin àtàwọn kékeré á fẹ̀yìn ti ògiri.

Lẹ́yìn ogun Hitler, owó ò sí níbí náà. Ní 1947, ayàwòrán-ilé kan, Aldo van Eyck, ṣe ibi ìṣeré àkọ́kọ́ sí Bertelmanplein: kòtò iyanrìn tí etí rẹ̀ fẹ̀ tó ìjókòó, òkúta róbótó mẹ́rin, irin tí ọmọ lè rọ̀ mọ́. Kò gbẹ́ ère ẹṣin tàbí erin kankan síbẹ̀. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ òkúta di ohun tó wù ú. Títí di 1978, ó ti ṣe irú ibi bẹ́ẹ̀ tó ju 700 lọ ní ìlú yìí.

Ẹ̀yin àti dìrẹ́tọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ ti ń tẹ̀ jù lásìkò eré. Kí bọ́ọ̀lù wà lápá kan, kí igi pààlà láàárín rẹ̀ àti ibi yòókù. Kí mọlémọlé mọ etí kòtò iyanrìn sábẹ́ máńgòrò fáwọn kékeré, kí wọ́n máa bò ó lálẹ́ nítorí ewúrẹ́. Erùpẹ̀ tí wọ́n bá gbẹ́, kí wọ́n kó o jọ di òkìtì, kí wọ́n gbin koríko sí i. Gígùn ún àti yíyí wálẹ̀ tó eré. Kí ibì kan tẹ́jú fún ten-ten, kí ibòmíì dákẹ́ fún ayò àti àlọ́. Bí ẹ bá lo táyà, ẹ lu ú níhò, kí ẹ̀fọn má bàa yé sínú omi rẹ̀. Láti 1922 ni ilé ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè, igi ọ̀pẹ ò wọ́n yín, ṣùgbọ́n kíá ló ń jẹrà. Tíìkì ni kí ẹ fi ṣe ohun tí wọ́n máa gùn.

Ẹ fi lẹ́tà yìí han àǹtí wa tó ń kọ́ni ní Sakété. Òun ló mọ eré tí àwọn ọmọbìnrin ń ṣe, ẹ má ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ òbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wọn àgbàlá náà, ẹ fi ibi tí igi kọ̀ọ̀kan wà hàn mí nínú àwòrán. Owó tí mo máa fi ránṣẹ́, iyanrìn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi rà.

Àbúrò yín