Ẹ Gbé Ìgò Náà fún Ọmọ

Àwa tí a lọ sílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn nígbà tí Professor Peller ṣì ń gbayì, a mọ bí ọjọ́ onídán ṣe máa ń rí. Kò di dandan kó jẹ́ Peller fúnra rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò ilẹ̀ wa kí wọ́n tó pa á ní 1997. Àwọn tó ń fara wé e pọ̀ lọ jàra. Wọ́n á ti bá hẹ́dímásítà sọ ọ́, a ó gba owó wá láti ilé, wọn á kó gbogbo wa sójú kan, ẹyẹlé á jáde látinú fìlà, a ó sì pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ á fi máa ta wá. Bó bá ti parí, bàbá náà á de àpótí rẹ̀, á fi kọ́kọ́rọ́ tì í. N kò bá a wí. Onídán tó bá jẹ́ kí o wo inú àpótí ti ta oúnjẹ ẹnu ara rẹ̀ nù.

Ètò sáyẹ́ǹsì kan tí mo wò ní ilé-ìwé kan nítòsí Bẹẹrẹ ló mú mi rántí wọn. Àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń kàwé ní yunifásítì ló wá, wọ́n wọ kóòtù funfun bíi ti dókítà. Wọ́n da fínígà sínú ìgò omi oníke, wọ́n bu sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì sínú bàlúùnù, wọ́n fi bàlúùnù náà bo ẹnu ìgò náà. Nígbà tí wọ́n gbé e sókè tí sódà dà sínú fínígà, ó hó yàà, bàlúùnù bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ni ariwo bá sọ: "Idán! Idán!" Orúkọ yẹn dùn mọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà. Kò dùn mọ́ mi. Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè níwájú: "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, tí kò bá sí fínígà ńkọ́, ṣé ọsàn wẹ́wẹ́ lè ṣe é?" Wọ́n ní kó jókòó ná, nǹkan tí wọn ò tíì ṣe ṣì pọ̀.

Lójú tèmi, ìbéèrè ọmọ yẹn níye lórí ju gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì lọ. Ọjà'ba ni ìdáhùn rẹ̀ sì wà. Ọsàn wẹ́wẹ́ á ṣe é dáadáa, nítorí ásíìdì wà nínú rẹ̀ bó ṣe wà nínú fínígà. Sódà kéèkì gan-an kò pọn dandan: káún tí ìyá rẹ̀ ń fi se ewédú tó. Kó gún káún kúnná, kó fún ọsàn lé e lórí, á rí i bó ṣe ń hó. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀, carbon dioxide, òun náà ló wú bàlúùnù, òun náà ló ń ta wá nímú bí a bá ń mu ẹlẹ́rìndòdò. Bó bá tún rẹ ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe sòbó sómi gbígbóná, tó pín in sí ife méjì, tó fún ọsàn sí ọ̀kan, tó bu káún sí èkejì, ti ọsàn á pọ́n sí i, ti káún á ṣú, á máa fà sí àwọ̀ ewé. Àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì ní ilé-ìwé gíga ń fi owó ra bébà pẹlẹbẹ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kan náà.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti mọ̀ pé ohun tó wà nílé ọmọ ló yẹ kí èèyàn fi kọ́ ọ. Láti 1825 ni Royal Institution ti Lọ́ńdọ̀nù ti ń ṣètò ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì fún àwọn ọ̀dọ́ lásìkò Kérésìmesì. Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ tó ti kọ́ṣẹ́ ìwé dídì tẹ́lẹ̀, dúró níwájú wọn lọ́dún 1860, ó sì fi ẹ̀kọ́ mẹ́fà gbáko sọ̀rọ̀ lórí àbẹ́là. Àbẹ́là lásán! Ẹ gbọ́ ọ̀kan nínú ohun tó fi hàn wọ́n. Bí o bá fẹ́ àbẹ́là pa, èéfín funfun á máa rú lórí òwú rẹ̀. Mú ìṣáná tó ń jó sún mọ́ èéfín yẹn lókè, má jẹ́ kó kan òwú. Iná á sáré gba inú èéfín sọ̀kalẹ̀, àbẹ́là á tún tàn. Èéfín náà jẹ́ ọ̀rá àbẹ́là tí ooru ti sọ di oru, oru yẹn ni iná ń jẹ. Ní ìlú tí wọ́n ti ń mú iná lọ bó ṣe wù wọ́n, ta ni kò ní àbẹ́là nílé? (Kí àgbà wà níbẹ̀ o. Mi ò fẹ́ kí ìyá ọmọ kankan wá bá mi jà.)

Bó bá ṣe tèmi ni, àwọn ọ̀dọ́ yẹn ì bá má gbé tábìlì wá rárá. Ọ̀dọ̀ aláró ni wọn ì bá kó àwọn ọmọ lọ. Ìlú wa gan-an wà lára iṣẹ́ wọn: àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan wà tó ń jẹ́ Ìbàdàndùn. Òpó Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, ni wọ́n fi ń ṣe ọnà sí i lára. Aṣọ tí aláró bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú ìkòkò kì í dúdú. Àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ bí ìyeyè ló máa ń ní, ojú rẹ á sì wà níbẹ̀ tí á fi di aró. Kí ló pa á láró? Ọmọ á ní òòrùn ni, òmíràn á ní ó ń gbẹ ni. Ẹ fún wọn ní àkísà kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n rì í, kí wọ́n fà á jáde, kí wọ́n tètè ká a mọ́ra pinpin kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ìta bá ti ṣú, kí wọ́n tú u. Inú á ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lójú wọn. Afẹ́fẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún wọn.

Mi ò sọ pé aláró kò ní àpótí tirẹ̀ o. Ìyá àgbà tó mọ bí ewé ẹ̀lú àti omi eérú ṣe ń pàdé nínú ìkòkò kì í ṣàdédé là á sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀, wọ́n a sì máa bọ Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn aláró, kí aró má bàa bàjẹ́. Bí aró bá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ ayé ni. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ọmọ ti béèrè pé, ṣé eérú tòní kò kéré sí tàná ni?

Ọ̀rọ̀ èdè náà tún wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọ̀dọ́ yẹn fi ṣàlàyé, Yorùbá ni ọmọbìnrin náà fi béèrè. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti gbé ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan kalẹ̀ ní St. Stephen's "A" n'Ílé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ.

Mo mọ ohun tó ń dí àwọn ọ̀dọ́ oníkóòtù funfun yẹn lọ́wọ́. Ìgò kan níwájú ogunlọ́gọ̀ ọmọ rọrùn. Ìgò lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan ariwo ni, ìdàrúdàpọ̀ ni, ti ẹlòmíràn kò ní hó rárá, á sì fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Àmọ́ owó tí wọ́n fi tẹ bánà àti fáànẹ́ẹ̀lì tí wọ́n pín lọ́jọ́ náà á ra káún àti ọsàn tí odindi kíláàsì á lò. Mo sọ èyí fún ọ̀gá ilé-ìwé kan lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ni yóò wá nu ilẹ̀?" Mo ní àwọn ọmọ náà ni, wọ́n kúkú ń gbálẹ̀ láràárọ̀.