Òṣífẹ̀kúndé Kò Wálé

Kí wọ́n tó bí bàbá ńlá mi, ọmọ Ìjẹ̀bú kan ti dé Brazil, ó ti dé Paris. Òṣífẹ̀kúndé lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó gba físà o. Lọ́dún 1820, ó ń gba ojú omi lọ ṣòwò ni àwọn ajínigbé orí omi mú un. Wọ́n tà á ní Warri, ọkọ̀ ẹrú sì gbé e lọ sí Brazil. Ó sìnrú ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ní Rio de Janeiro, kí ọ̀gá rẹ̀, ará Faransé kan, tó mú un lọ sí Paris.

Níbẹ̀, lọ́dún 1839, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ d'Avezac pàdé rẹ̀. Ó ń bi í nípa ìlú, nípa ọba, nípa ọjà. Òṣífẹ̀kúndé ń ròyìn, ó ń ka ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, d'Avezac ń kọ ọ́. Ìwé náà jáde lọ́dún 1845. Èmi tí mò ń fi kóòdù jẹun ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo mọ bí nǹkan ṣe ń sọnù tó téèyàn ò bá ní ẹ̀dà rẹ̀. Orí nìkan ni bàbá yìí fi tọ́jú ìlú odidi kan.

Lábẹ́ òfin Faransé, ó ti dòmìnira. Wọ́n bá a ṣètò àtilọ sí Sierra Leone, kó lè tibẹ̀ wálé. Ó kọ̀. Ó padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní Brazil, torí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, inú bí mi. Ta ní ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà sóko ẹrú?

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fún mi níṣẹ́ ní Jámánì. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ṣàgámù. Àwa méjèèjì ò jọ gbé mọ́. Sátidé-Sátidé ni mo máa ń lọ mú un. Mo kọ iṣẹ́ náà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní orí mi ti dàrú. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù kan gbáko.

Mi ò fi ara mi wé e o. Kò sẹ́ni tó fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè mí. Ṣùgbọ́n mo tún ìtàn náà kà, inú ò bí mi mọ́. Wọ́n ní ilé làbọ̀ simi oko. Ṣé ibi tọ́mọ èèyàn wà kọ́ nilé ni?

Sátidé tó kọjá, mò ń kọ́ ọmọ mi bí wọ́n ṣe ń kíni lẹ́nu Ìjẹ̀bú. Ó ń ṣì í, à ń rẹ́rìn-ín. Bóyá ohun tí Òṣífẹ̀kúndé náà padà lọ ṣe nìyẹn.