Iṣẹ́ wo ni ọmọ yẹn ń ṣe gan-an?

Láti Kamina ni mo ti ń kọ̀wé, lẹ́bàá Atakpamé ní Togo. Ìbéèrè kan ni wọ́n ń bi mí jù níbí: iṣẹ́ wo ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe gan-an? Ó kàwé dé Lomé, ó padà wálé, ó wá jókòó sínú yàrá látàárọ̀ dalẹ́ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan àti àwọn rédíò tó ti kú. Èmi ni wọ́n ń bi nítorí pé tíṣà ni mí. Wọ́n gbà pé kò sí ohun tí tíṣà kì í mọ̀.

Bàbá rẹ̀ náà wá bá mi. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ náà ṣe concours àwọn olùkọ́, kó di òṣìṣẹ́ ìjọba, kó máa gba owó oṣù bíi tèmi. Wọ́n ní, "Ìwọ lo gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ nínú iṣẹ́ yẹn. Bá mi bá a sọ̀rọ̀." Mo ní, "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ kó fi sílẹ̀." Bí mo ṣe lo ìsinmi ọdún Àjíǹde lórí àpótí kan nínú yàrá ọmọ náà nìyẹn.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ń sin adìẹ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òròmọdìẹ ń fẹ́ ìwọ̀n ooru 32 sí 35. Bí èédú bá kú lóru, wọn á máa gun ara wọn lórí láti wá ooru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti kú. Ẹ̀rọ tí ọmọ náà ń ṣe yóò wà nínú ilé adìẹ, yóò máa wo ooru, bó bá ti lọ sílẹ̀ yóò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù ìyá náà. Arduino ni ọpọlọ rẹ̀. Ohun kékeré funfun kan ló ń wọn ooru. Ohun kẹta ni SIM800L, tó ń gba káàdì SIM tó sì ń sọ̀rọ̀ bíi fóònù àtijọ́. Kóòdù rẹ̀ kò ju ojú ewé mẹ́ta lọ. Mo kà á: bí ooru bá kéré sí 30, ránṣẹ́, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, dúró díẹ̀, kí o tún wò.

Ọjọ́ kan péré ló fi kọ ojú ewé mẹ́ta yẹn, ṣùgbọ́n oṣù méjì ni iṣẹ́ náà gbà á.

Iná máa ń lọ. Bátìrì kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gbó, kì í lò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, nítorí náà ó ń fi bírò kọ kóòdù sínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́, ó ń dúró de iná kó tó tẹ̀ ẹ́. Láti Lomé ni ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ti ń bọ̀, nǹkan bíi kìlómítà 160, lọ́wọ́ awakọ̀. Bí wọ́n bá gbé èyí tí kì í ṣe é wá, ọ̀sẹ̀ kan ti lọ nìyẹn. Àti èdè! Faransé ló fi kẹ́kọ̀ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni kọ̀ǹpútà fi ń bá a wí, èdè Ifẹ̀ tiwa níbí ló fi ń ṣépè fún un.

Ìṣòro tó gbà á lákòókò jù ni SIM800L. Ohun gbogbo ń lọ dáadáa títí dìgbà tó bá yẹ kó ránṣẹ́. Nígbà náà ló máa kú, táá tún jí, bí ọmọ kíláàsì tó mọ èsì títí tí wọ́n fi pè é síwájú pátákó. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń wá ẹ̀bi nínú kóòdù. Ó yí ìlà kan, ó dá a padà, ó yí òmíràn. Lọ́jọ́ karùn-ún ló fi mítà wọn iná rẹ̀. Bí ohun kékeré yẹn bá fẹ́ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó lè fa iná tó ampere 2 lójijì, kí ojú tó ṣẹ́. Wáyà tín-ín-rín tó so mọ́ ọn kò lè gbé ìyẹn. Iná rẹ̀ já wálẹ̀ ju volt 3.4 lọ, ó sì kú. Kò sóhun tó ṣe kóòdù.

Ó tú tẹlifíṣọ̀n kan tó ti kú, ó yọ condensateur kan nínú rẹ̀, ohun tí àwọn atúnrédíòṣe lọ́dọ̀ yín ní Nàìjíríà ń pè ní capacitor: agolo kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́ fún irú ìṣẹ́jú yẹn. Ó fi òjé lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ SIM800L, ó lo wáyà tó nípọn. Fóònù mi dún nínú àpò mi. "Ooru: 29."

Àwọn tó bá wá Kamina rí mọ àwókù tó wà níbí. Telefunken ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1911, Anton Codelli ló darí iṣẹ́ náà, àwọn èèyàn àgbègbè yìí ni wọ́n sì fi ṣe lébìrà. Wọ́n fẹ́ máa bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀ lójú òfurufú, ó ju kìlómítà 5,000 lọ. Kò lò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ní òru 24 mọ́jú 25 oṣù kẹjọ 1914, àwọn ará Jámánì fúnra wọn bà á jẹ́ kí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó dé. Lára ohun tó kù ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi oru omi gbígbóná yí láti pèsè iná. Ọmọ náà fi ọwọ́ júwe apá ibẹ̀ fún mi. Ó ní, "Bàbá Kékeré, àwọn náà, iná ni wọ́n kọ́kọ́ wá."

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eré ọmọdé ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi àwókù ṣe. Ní 2013, ní WoeLab tí Sénamé Koffi Agbodjinou dá sílẹ̀ ní Lomé, Afate Gnikou fi àwókù scanner, printer àti kọ̀ǹpútà ṣe W.Afate, ẹ̀rọ tó ń fi ike mọ odindi nǹkan tí èèyàn lè gbé lọ́wọ́.

Nígbà tí a gbé ẹ̀rọ lọ sílé adìẹ, ìyá náà wò ó, wọ́n ní, "Èmi kò mọ̀wé o. Kó kàn pè mí." Ọmọ náà dákẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló yọ àtẹ̀jíṣẹ́ kúrò, ó sọ ọ́ di ìpè. Ẹ̀rọ yóò kàn bíp wọn ni, ohun tí ẹ̀yin ń pè ní fíláàṣì. Ẹnikẹ́ni kò ní gbé e, owó kò ní jáde nínú káàdì, ariwo rẹ̀ á sì jí èèyàn ju àtẹ̀jíṣẹ́ lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, fóònù wọn dún ní aago méjì òru. Èédú ti fẹ́ kú tán. Òròmọdìẹ kankan kò kú mọ́jú.

Mo padà lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa, wọ́n wá bi mí pé, "Èló ló kù fún un lẹ́yìn tó ra wáyà?" Mo sọ òótọ́: ìyá náà san ìdajì, ìdajì tó kù di ìgbà tí wọ́n bá ta adìẹ, bí a bá sì ka ọjọ́ tó fi ṣe é, kò sí èrè kankan níbẹ̀. Owó oṣù tèmi kéré, ṣùgbọ́n ó ń wọlé. Mo tún ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi kò ní bá yín sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀." Inú wọn kò dùn sí mi títí di òní.

Ọmọ náà ti forúkọ sílẹ̀ fún concours. Ó ní òun á ṣe é nítorí bàbá òun. Àwọn aládìẹ méjì mìíràn sì ti wá bá a, ó ń dá iye tó máa pè lé e rò. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Cotonou, ní Ìbàdàn àti ní Èkó, èló ni ẹ ń ra SIM800L lọ́dọ̀ yín? Ẹ kọ iye rẹ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ sì sọ bóyá ọ̀nà wà láti fi í ránṣẹ́ sí Atakpamé.