Ìjà Phil Jackson àti Kobe

Fídíò àtijọ́ kan nípa Lakers, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ṣàdédé yọ sójú fóònù mi láàárọ̀ yìí.
Ọ̀rọ̀ Phil Jackson, kóòṣì wọn, àti Kobe Bryant, agbábọ́ọ̀lù wọn, ṣì ń yà mí lẹ́nu o.

Kóòṣì fẹ́ kí bọ́ọ̀lù máa dé ọwọ́ gbogbo èèyàn.
Kobe fẹ́ máa dá a jù sáwọ̀n fúnra ẹ̀.
Síbẹ̀, wọ́n jọ gba ife-ẹ̀yẹ NBA léraléra, 2000 sí 2002.

Nígbà tó di 2004, Detroit Pistons nà wọ́n ní àṣekágbá.
Bàbá Jackson kẹ́rù ẹ̀, ó lọ.
Kò lọ lásán o. Ó tún kọ̀wé jáde lọ́dún yẹn, ó ní Kobe ò ṣeé kọ́.
Nínú ìwé! Tí gbogbo ayé á rà kà!
(Ká ní èmi ni, ó parí nìyẹn.)

2005, ẹ wo bàbá tó padà dé.
Kobe ò sì lọ síbòmíràn.
Wọ́n gba ife 2009, wọ́n tún gba ti 2010.

Àwọn kan ní ìjà ti parí ni. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀.
Lójú tèmi, ife yẹn kàn wù wọ́n ju ìbínú lọ ni.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀gá tó tàbùkù yín ní gbangba, ṣé ẹ lè tún bá a ṣiṣẹ́?