Okùn Méje

Iṣẹ́ bàbá mi ló gbé wa dé ìlú Almaty ní orílẹ̀-èdè Kazakhstan. Ó ku ọdún kan kí a kúrò nílé ni ibà pa àbúrò mi kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́fà. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, àwọn àgbà kò jẹ́ kí ìyá mi mọ ojú oórì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé. Bí mo bá ṣèèṣì dá a, ìyá mi á dìde, wọn á wọ ilé ìdáná lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti ìyá mi lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ohun èlò orin Kazakh nínú ọgbà Panfilov. Ilé onígi tó rẹwà ni, ọdún 1908 ni wọ́n kọ́ ọ. A rí dombra olókùn méjì lóríṣiríṣi. A rí kobyz, tí wọ́n gbẹ́ láti ara igi kan ṣoṣo, tí wọ́n sì fi irun ẹṣin ṣe okùn rẹ̀.

Iwájú zhetigen ni ẹsẹ̀ wa ti dúró. Okùn méje ló ní. "Zheti" sì ni eéje ní èdè Kazakh. Arábìnrin tó ń mú wa yíká sọ ìtàn rẹ̀. Wọ́n ní bàbá arúgbó kan bí ọmọkùnrin méje. Ìgbà òtútù líle kan dé, ebi wọlé, àwọn ọmọ náà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ti kú, bàbá á ta okùn kan sórí igi tó gbẹ́ inú rẹ̀, á sì fi kọrin arò fún ọmọ náà. Bí okùn ṣe pé méje nìyẹn.

Arábìnrin náà ta okùn kan. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó parẹ́. Mo rò pé ìyá mi á jáde. Wọn kò jáde. Wọ́n ní kó tún un ta. Okùn náà ń dún lọ́wọ́ ni mo gbọ́ tí wọ́n ń pe oríkì àbúrò mi jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń pè é láàárọ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n bi mí pé, "Ṣé o rántí bó ṣe máa ń fi agolo mílíìkì lùlù?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó máa ń jí yín lójú oorun."

A rẹ́rìn-ín, a sì sunkún.

Ìyá mi kò mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ wọn sí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí a bá jókòó ti oúnjẹ alẹ́, a máa ń dárúkọ rẹ̀.