Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Ra Rédíò

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló gbà pé ayé rédíò ti kọjá lọ, pé fóònù ti gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá ń bá àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì gbé kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Fóònù kò ní bọ́tìnnì tí ìka lè fọwọ́ bà mọ̀, dátà sì ń tán. Èyí tó tilẹ̀ ní FM nínú sábà máa ń fẹ́ kí a ki okùn etí bọ̀ ọ́ kí ó tó lè gbóhùn mú.

Ní ọdún tó kọjá, màmá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, kó láti Ìkòròdú wá bá wa ní Ajah, nítorí àìsàn ojú kò jẹ́ kí wọ́n lè máa dá gbé mọ́. Wọ́n gbé rédíò kékeré wọn lọ́wọ́ wá. Ní Ìkòròdú, ohùn rẹ̀ a máa já gaara. Nínú yàrá wọn lọ́dọ̀ wa, ṣàà ló ń dún bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù.

"Àbẹ̀ní," ni wọ́n pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, "bí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ mi bá papòdà, ibo ni n ó ti gbọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ìròyìn àti ìkéde lórí Radio Lagos 107.5 FM ni okùn tó so wọ́n mọ́ àwọn tí wọ́n jọ dàgbà, okùn náà sì ti fẹ́ já.

Àbúrò màmá mi tó wà ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, dá àbá pé rédíò sátẹ́láìtì ni kí a rà, irú èyí tí òun ń gbọ́ nínú ọkọ̀. Mo tọpinpin rẹ̀. SiriusXM ni ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń sọ, èyí tí Sirius àti XM para pọ̀ dá ní ọdún 2008. Àríwá Amẹ́ríkà ni sátẹ́láìtì wọn dojú kọ. Kò kan Èkó. Lọ́hùn-ún pàápàá, nínú àwọn ìlú tí ilé gíga pọ̀ sí, wọ́n ní láti ri òpó mọ́lẹ̀ tí yóò máa tún ohùn náà gbé jáde.

Ní ọjà Ajah, ọ̀gá kan tó ń ta ẹ̀rọ tòkunbọ̀ gbé òmíràn síwájú mi. "Àǹtí, ti Áfíríkà gan-an lèyí o." Kò parọ́. WorldSpace ni orúkọ tó wà lára rẹ̀. Noah Samara, tí a bí ní Etiópíà, ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1998 ni wọ́n fi sátẹ́láìtì AfriStar ránṣẹ́ sí òfurufú, kí ohùn tó já gaara lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Áfíríkà tí ilé-iṣẹ́ rédíò jìnnà sí. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2008, gbèsè ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n sì sá di ilé ẹjọ́.

"Ọ̀gá, ẹ ṣeun," ni mo dáhùn, "ṣùgbọ́n èyí ti yadi."

Ká tilẹ̀ ní ó ṣì ń fọhùn, kò ní tán ìṣòro inú yàrá. Ẹ wo àwọn àwo DStv tó wà ní Lekki: ìta ni gbogbo wọn wà, tí wọ́n gbójú sókè. Irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sí ilẹ̀. Kí ohùn rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa, agbára rẹ̀ ti dínkù jọjọ, kankéré sì tó láti dá a dúró. Áńténà WorldSpace náà gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀run kí ó tó ṣiṣẹ́.

Ohùn FM yàtọ̀. Àgídìngbí, ní Ìkẹjà, ni Radio Lagos wà. Bí a bá fa okùn tààrà láti ibẹ̀ dé Ajah, kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Ohùn náà ń dé àdúgbò wa. Ìdíwọ́ inú ilé ni kò jẹ́ kó wọlé dáadáa. Irin wà nínú kankéré, irin wà lójú fèrèsé, bẹ́ẹ̀ ni ínfátà, ṣájà olówó pọ́ọ́kú àti àwọn gílóòbù LED mìíràn ń da ariwo sínú afẹ́fẹ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mo wò. Èkíní ni ọ̀pá áńténà. Ìgbì ohùn FM gùn tó nǹkan bí mítà mẹ́ta. Ọ̀pá tó bá gùn tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí 75 sẹ̀ǹtímítà, ló ń gbá a mú jù. Èkejì ni bọ́tìnnì: mo fẹ́ èyí tí a ń yí, tí ọwọ́ màmá yóò mọ̀ láìfi ojú wò ó. Ẹ̀kẹta, kí ó lè lo òkúta, kí ó sì ṣeé ṣájì, nítorí ọ̀pọ̀ rédíò máa ń dákẹ́ ariwo nígbà tí a bá yọ wáyà iná kúrò lára wọn.

Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Níta gbangba ọjà, kò sí rédíò tí kì í dùn ún gbọ́. Mo bá ọ̀gá náà ṣe àdéhùn pé n ó gbé rédíò wálé, n ó sì dá a padà lọ́jọ́ kejì bí kò bá gbóhùn nínú yàrá. Ó gbà. Èyí àkọ́kọ́ kò yege. Èkejì ni mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, jìnnà sí ínfátà, mo na ọ̀pá rẹ̀ tán, mo sì ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi já gaara.

Kò pé oṣù méjì tí màmá fi gbọ́ ìkéde ìsìnkú ọ̀rẹ́ wọn kan. A gbé wọn lọ sí Ìkòròdú. Wọ́n bá wọn ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn, wọ́n sì jókòó láàárín ẹgbẹ́ wọn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bí ẹ bá fẹ́ ra rédíò fún àgbà, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ohùn ta ni wọ́n fẹ́ máa gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e dé inú yàrá tí wọn yóò ti máa gbọ́ ọ, kí ẹ tó sanwó tán.